Ṣé kí n gbé láptọ́ọ̀pù ilé wa lọ sí Windows 11, àbí kí n jókòó sórí 10?

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ń da ọkàn mi rú, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò ní ọjà kankan láti tà fún mi.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la ní nílé. HP EliteBook 840 G3 ni, tòkunbọ̀, Wuse 2 ni bàálé mi ti rà á. RAM 8GB, hard disk 500GB, Windows 10. Kò sí ẹni tí kì í lò ó nínú ilé, àmọ́ èmi ni mò ń lò ó jù. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti iléèwé dé, mo máa ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé: ètò ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò. Yorùbá alámì ohùn ni mò ń tẹ̀ o. Keyboard Yorùbá tó wà lórí ẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn débi pé mi ò kì í wo ìka mi mọ́. Word 2016 ni mo fi ń ṣe é, príńtà mi sì ni HP LaserJet 1020, àgbà príńtà. Àwọn ìbejì wà ní SS3, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yìí kan náà ṣe ìdánrawò JAMB. Bàbá wọn ń fi í wo àkáǹtì báńkì rẹ̀ lálẹ́.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Windows ti ń gbé ìkìlọ̀ síwájú mi pé wọn ò ṣe ìtọ́jú Windows 10 mọ́. Mo pa á dé, ó tún yọjú. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà. Kò tíì tàn án tó fi ní òun á gbé Windows 11 sí i ní ₦15,000, pé kí n mu mọ́ọ̀tì kan tán, á ti parí. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà gbà á, ó ní, "Mọ́mì, kò sí èyí tí kì í gbà á." Ìdáhùn yẹn ò wọ̀ mí létí. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní ẹ̀rọ náà ti kógbá sílé, kí n lọ ra òmíràn. Ẹlòmíràn ní kí n má dá wọn lóhùn, Windows 7 ni òun ṣì ń lò, nǹkan kan ò ṣe é.

Kí n má parọ́, ẹ̀rọ náà ń falẹ̀. Bí mo bá tàn án, mo lè já ewédú tán kí n tó padà wá tẹ password. Bátìrì rẹ̀ kì í gbé ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, ẹ sì mọ ìṣe iná Kubwa.

Ṣé kí n gbé e lọ sí 11, àbí kí n jókòó sórí 10? Tí mo bá gbé e, ṣé keyboard mi àti príńtà mi ò ní kọṣẹ́? Owó láptọ́ọ̀pù tuntun ò sí báyìí, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù JAMB ọmọ méjì la ń wá kiri.

Alhaja, Minna

Ẹ gbé e jàre, Ìyá Ìbejì. EliteBook ni tèmi náà, 840 G5. Òun fúnra ẹ̀ ló bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi í sílẹ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́, ó ti di 11. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n gbé Start lọ sí àárín. Ọmọ mi bá mi dá a padà sápá òsì, inú mi rọ̀. Gbogbo fáìlì mi pé. Mi ò tíì rí ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù níbẹ̀.

Dèjì, Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọmọ ọjà yẹn ò parọ́ o, owó ẹ̀ ló pọ̀ jù. Dell Latitude E7470 ni mò ń lò, processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) ìran kẹfà. Microsoft ní kò yẹ. Mo fi Rufus, ètò tí wọ́n fi ń sọ fláàṣì di èyí tó ń gbé Windows wọlé, ṣe fláàṣì Windows 11, mo mú un fo àyẹ̀wò TPM (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ) àti ti processor, ó wọlé wẹ́rẹ́. Update ń wọlé lóṣooṣù, Zoom ń ṣiṣẹ́, Excel ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn fẹ́ ká ra ẹ̀rọ tuntun ni. Ọ̀fẹ́ ni Rufus, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Àtúnṣe Wuse

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ma. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Wuse 2. Mi ò ní tà yín lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ Alhaja àti ti Dèjì sọ́tọ̀, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

G5 Alhaja, processor ìran kẹjọ ló wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Microsoft fa ìlà sí fún Intel nígbà tí wọ́n gbé Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021: ìran kẹjọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún. G3 tiyín, ìran kẹfà ni. Ẹ wọ Settings, System, About, kí ẹ wo iwájú ibi tí wọ́n kọ Processor sí. Bí ẹ bá rí i5-6200U tàbí i5-6300U, 6 tó tẹ̀lé i5 yẹn ni ìran rẹ̀. i5-8350U, ìran kẹjọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀, nọ́ńbà yìí ni kó wò kó tó wo bí ara ẹ̀rọ ṣe ń dán. Ike tuntun ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òmíràn lára, tí wọ́n á wá pe owó G5 lé G3 lórí.

Àwọn nǹkan yòókù tí 11 ń béèrè, RAM 4GB, àyè 64GB, UEFI (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) pẹ̀lú Secure Boot (tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn), TPM 2.0, G3 lè ní gbogbo wọn. Processor ni kò ní jẹ́ kó yege. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Windows Update yín kò fi fi 11 lọ̀ yín rí, tó jẹ́ ìkìlọ̀ nìkan ló ń gbé wá.

Dèjì àbúrò, òótọ́ lo sọ pé ó ń wọlé. Èmi náà ti bá oníbàárà ṣe é, nígbà tó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán tó ní òun fara mọ́ ọn. Sọ ìyókù fún wọn. Microsoft kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ tí kò yege kò lẹ́tọ̀ọ́ sí update. Pé ó ń wọlé lónìí, ojú àánú ni. Ẹ̀yà Windows 11 kọ̀ọ̀kan, irú 24H2, ọdún méjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún Home àti Pro. Bí ọdún méjì yẹn bá ń pé, ti Alhaja á bọ́ sórí ẹ̀yà tuntun fúnra ẹ̀. Tìẹ ò ní bọ́ síbẹ̀. Wàá tún gbé Rufus jáde, dátà tó ju 5GB lọ á tún jó kí ISO (fáìlì tí odidi Windows wà nínú ẹ̀) tó wọlé, wàá tún fo àyẹ̀wò. Ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló máa bá Ìyá Ìbejì ṣe é? Ọmọ ọjà yẹn náà ni, ní ₦15,000 míì.

Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù: fláàṣì kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà fi ń ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó bá dé. Windows tí ẹnìkan ti tú palẹ̀ tó sì tún tò ló wà lórí ẹ̀, pẹ̀lú activator, ètò tó ń mú kí Windows tí a kò sanwó fún dà bí ojúlówó. Àwọn activator wọ̀nyẹn, wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ pa Defender, aṣọ́nà inú Windows tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó ní kí o so ajá ilé mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, kí lo rò pé ó wá ṣe? Orí ẹ̀rọ yìí kan náà ni bàbá ìbejì ti ń wo àkáǹtì báńkì.

Ṣé kí ẹ wá jókòó sórí 10 bó ṣe wà? Rárá o. Kò ní kú, á máa tàn, Word á máa ṣí. Ohun tó dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni dídí ihò. Lóṣooṣù ni wọ́n ń rí ihò nínú Windows, ìbáà jẹ́ tuntun ìbáà jẹ́ àtijọ́, update ni wọ́n sì fi ń dí i. Ọ̀gá yẹn tó wà lórí Windows 7, láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti tán lórí tiẹ̀. Ó ní nǹkan kan ò ṣe é. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ rántí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Microsoft ti gbé update tó dí ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Àwọn tí kò gbà á ló kó sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ń dá aláìsàn padà sílé nítorí kọ̀ǹpútà wọn ti tì pa.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni màá mú fún yín. Microsoft ní ètò kan tó ń jẹ́ ESU fún àwọn tó ń lo Windows 10 nílé. Update ààbò nìkan ni, kò sí ọ̀ṣọ́ tuntun kankan nínú ẹ̀, á sì máa wọlé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹ lè san dọ́là 30. Ẹ lè fi point 1,000 ti Microsoft Rewards san án. Èyí tó kù, ọ̀fẹ́ ni: ẹ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, kí ẹ gbà kó máa fi settings ẹ̀rọ yín pamọ́ sórí OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Settings ni mo wí o. Ẹ má jẹ́ kó kó fáìlì lọ síbẹ̀, torí 5GB péré ni OneDrive ọ̀fẹ́. Bó bá kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà lórí 22H2, ẹ̀yà Windows 10 tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tó lè wọ ètò yìí. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, kẹ́ ẹ kọ winver, Enter, ẹ ó rí i. Tó bá jẹ́ 22H2, ẹ wọ Settings, Update & Security, Windows Update, ẹ wá Enroll now níbẹ̀.

Fífalẹ̀ tó ń falẹ̀, Windows kọ́ ló ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, Windows 11 ò sì ní wò ó sàn. Nígbà tó bá ń falẹ̀ gan-an, ẹ di Ctrl àti Shift mú, kẹ́ ẹ tẹ Esc. Ẹ wo CPU, ẹ wo Memory, ẹ wo Disk. Kí ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí.

Ẹ tún bá mi wo ohun kan: Windows àti R, ẹ kọ slmgr /xpr, Enter. Àpótí kékeré kan á jáde. Ẹ sọ ohun tó kọ sínú ẹ̀.

Dèjì, Lugbe

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì yẹn, òótọ́ ni, mi ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá 2026 ò jìnnà. Lẹ́yìn ESU ńkọ́? Tèmi á ṣì máa lọ.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ ṣé gan-an, ẹnjiníà wa. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo jókòó tì í kí wọ́n tó mú iná lọ.

i5-6300U ni. Winver kọ 22H2, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19045. Nígbà tó ń falẹ̀, CPU ò tó 15%, Memory wà ní ìdajì àti díẹ̀, Disk wà ní 100%, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo ṣí Word, ó wà ní 100%. Mo pa Word dé, 100%.

Èyí tẹ́ ẹ ní kí n kọ gbẹ̀yìn, àpótí náà ní "Volume activation will expire", ó wá kọ ọjọ́ kan síwájú ẹ̀. Kí nìyẹn? Bàbá wọn ní ẹni tó tà á fún àwọn sọ pé Windows ojúlówó ni.

Àtúnṣe Wuse

Ibi tí mo fura sí nìyẹn. Windows ojúlówó tó wà lórí ẹ̀rọ ilé, ohun tó máa kọ ni pé ó wà títí ayé, kì í dá ọjọ́. Èyí tó ń dá ọjọ́ yẹn, ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni, tí server (kọ̀ǹpútà àárín) wọn máa ń sọ di ọ̀tun fún wọn. Ẹ ò ní server nílé. Activator ni ẹni tó tà á lò, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú ẹ̀ tó ń tún ara ẹ̀ ṣe lábẹ́lẹ̀. Ẹ máà bínú sí bàbá wọn, ojú lásán ò lè rí i.

Ohun tó ń múnú bíni ni pé kò yẹ kó nílò rẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ EliteBook ló ti ní key (nọ́ńbà àṣẹ) Windows Pro tirẹ̀ tí HP kọ sínú BIOS, ìrántí inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ tí kì í ṣe orí hard disk, láti ilé iṣẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ kọ èyí lórí ìlà kan:

wmic path softwarelicensingservice get OA3xOriginalProductKey

Bí lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 bá jáde, ẹ̀tọ́ yín nìyẹn, owó ẹ̀ ti wà nínú owó tí ẹni àkọ́kọ́ fi rà á. Ẹ má kọ ọ́ síbí o, gbogbo ayé ló ń kà á.

Disk 100% tí CPU ò sì ṣe nǹkan kan: hard disk ni. Ó ṣì ní àwo tó ń yí nínú, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣí ló ń dúró dè é. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi SSD 256GB, disk tí kò ní àwo tó ń yí, sí àyè ẹ̀. Iṣẹ́ screwdriver ni, ọmọlẹ́yìn mi ń ṣe é láàárín kí n jẹun ọ̀sán. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ gbé fún ọmọ ọjà yẹn, ẹ fi kún owó SSD. Orí SSD tó mọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ti gbé Windows 10 Pro tuntun sí, láti ojúewé Microsoft fúnra ẹ̀, á sì mú key rẹ̀ nínú BIOS láì béèrè lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà ni ESU. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wọ ESU tí activator ṣì wà nínú ilé, ihò lẹ̀ ń dí nígbà tí olè ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kó iṣẹ́ yín sórí hard disk míì tàbí fláàṣì ńlá: Documents, Desktop, Downloads, àti fáìlì tẹ́ ẹ fi gbé keyboard Yorùbá yẹn wọlé, tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló fún yín. Bó bá jẹ́ inú Settings lẹ ti mú un, á wà níbẹ̀ lórí 10 tuntun, á sì wà lórí 11 lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ti príńtà, driver (ètò tó ń darí príńtà) tó ń ṣiṣẹ́ lórí 10 sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí 11 náà. Ìyẹn ò yẹ kó gba oorun lójú yín.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà. Office 2016 yín náà, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 yẹn gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀ parí. ESU ò kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba fláàṣì lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, tẹ́ ẹ ń ṣí ìwé tí ẹnìkan ti tẹ̀ wá láti kaféè, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń wọlé. Tí fláàṣì bá wọlé, ẹ fọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Scan with Microsoft Defender kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bí ìwé bá ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tẹ Enable Content, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ètò ìgbéyàwó ò nílò macro, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ nínú ìwé.

Dèjì, lẹ́yìn ESU? Àwọn ìbejì á ti ṣe JAMB tán nígbà yẹn, owó tó wà nílẹ̀ lè má rí bó ṣe rí lónìí. Bí tòkunbọ̀ ìran kẹjọ bá wálẹ̀ díẹ̀ sí i, SSD yẹn á tẹ̀lé wọn lọ. Tí kò bá wálẹ̀, a óò jọ jókòó sọ̀rọ̀ Rufus rẹ.

Ọmọ Ọ̀ffà, Kano

Ẹ̀yin èèyàn Abuja, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows lórí ẹ̀rọ? Sabon Gari ni mo wà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé lèmi náà ń ṣe. ThinkPad X240 ni mò ń lò, ìran kẹrin, RAM 4GB. Bí mo bá gbé e fún àwọn ẹnjiníà yín, wọ́n á ní kí n lọ sin ín. Linux Mint 22 ló wà lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, títí di ọdún 2029 ni wọ́n á máa fi update ránṣẹ́ sí i. Kò bi mí ní TPM, kò bi mí ní ìran.

Ìyá Ìbejì, keyboard Yorùbá wà nínú ẹ̀: ẹ wá Nigeria nínú àwọn layout, ẹ ó rí Yorùbá, ẹ ó rí Hausa àti Igbo náà. LaserJet 1020 yín á ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ nílò HPLIP (driver HP fún Linux) àti plugin tí HP fi ń gbé firmware (ètò inú príńtà) fún un. Bí kò bá sí plugin yẹn, á kàn máa wò yín ni. Ẹ lè dán Mint wò láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan Windows yín rárá: ẹ tàn án, ẹ lò ó, ẹ yọ fláàṣì, gbogbo nǹkan á padà sí bó ṣe wà.

Mi ò ní bo àléébù rẹ̀. LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé ọ̀fẹ́ bíi Word, ni mo fi ń tẹ̀wé, bí oníbàárà bá sì gbé ètò ìgbéyàwó tí wọ́n fi Word ṣe wá, tó ní bọ́ọ̀dà olódòdó àti text box mẹ́rin lórí ojú ewé kan, á sún kúrò láyè ẹ̀. Mo máa ń tún un tò ni. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó má bá mi dé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ̀gbọ́n Kano, mo gbádùn ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dà olódòdó yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín, torí irú ẹ̀ ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó dè mí lọ́wọ́ ni ti JAMB. Ètò ìdánrawò tí àwọn ọmọ ń lò, ti Windows ni, a ti san owó ẹ̀, key ẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Mi ò lè máa kọ́ wọn ní Linux ní oṣù tí wọ́n ń múra ìdánwò. Èyí tiẹ̀ mú mi ronú: Àtúnṣe Wuse, bí mo bá gbé Windows tuntun sórí SSD, ṣé key ètò JAMB yẹn ò ní sọnù?

Ọmọ Ọ̀ffà, Kano

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣèdánwò tán. Èmi ò lọ ibì kankan.

Àtúnṣe Wuse

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì dára pé ẹ bi í kí a tó yọ ohunkóhun. Ẹ pe àwọn tó ta ètò náà kẹ́ ẹ tó yọ hard disk, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ disk. Irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn míì á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ deactivate, àwọn míì á fún yín ní key òmíràn. Ẹ má tún hard disk àtijọ́ yẹn ṣe, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ fi ìwé dì í, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Bí SSD bá kọ̀, ẹ ó dá a padà sáyè ẹ̀, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú.

Bátìrì yẹn ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Windows wọlé nígbà tó bá jẹ́ NEPA nìkan lẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wá ibi tí inverter wà, tàbí kẹ́ ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ láàárín ibi tí Windows ti ń kọ ara ẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ti ṣí ìdí ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ fáànù ẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, eruku tó wà níbẹ̀ á ti di búláńkẹ́ẹ̀tì.

Alhaja, Minna

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí gùn tó! Mo lọ kọ slmgr lórí tèmi, ó ní permanently activated. Mo ti jókòó dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀ fún yín.

Key jáde nínú BIOS, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 pé. Bàbá wọn wò ó títí, kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó ta ètò JAMB ní kí n deactivate lórí ti àtijọ́, kí n activate padà lórí ti tuntun, ó sì gbà. A ra SSD 256GB, wọ́n fi sí i lójú mi, wọ́n fẹ́ eruku jáde. Ilé àǹtí mi ní Gwarinpa tí wọ́n ní inverter ni a ti gbé Windows 10 sí i. Mo wọ Settings, mo tẹ Enroll now, ó bi mí ní àkáǹtì Microsoft, mo fi tèmi wọlé, mo gbà fún settings, mo kọ̀ fún fáìlì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ mi ti wọ ètò náà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Mo gbọ́ pé àkáǹtì kan lè gba ẹ̀rọ tó tó mẹ́wàá, àbí? Mo fẹ́ fi ti àbúrò mi tó wà ní Suleja kún un.

Ewédú ò ṣeé já mọ́ kó tó ṣí. Bàbá wọn ti pààrọ̀ password báńkì rẹ̀ láti orí fóònù.

Àtúnṣe Wuse

Ẹ ṣeun ma. Bẹ́ẹ̀ ni, àkáǹtì kan gba ẹ̀rọ 10. Ti àbúrò yín náà gbọ́dọ̀ wà lórí 22H2, àkáǹtì yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ administrator lórí ẹ̀.

Dèjì, Lugbe

Ẹ̀gbọ́n, SSD wo lẹ máa ń fi sí i? Hard disk àbúrò mi náà ń ṣe 100% yẹn, àwọn ọjà tó wà níta yìí ò ṣeé gbára lé.

Àtúnṣe Wuse

SATA oní ínṣì 2.5, èyí tó máa bọ́ sáyè hard disk gan-an. Orúkọ tó wà lára ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan fún mi bí a bá ń rà á lójú pálí, torí tòkunbọ̀ ni wọ́n máa ń dì sínú pálí tuntun. Kó o tó sanwó, ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí disk ṣe wà. Wo Power On Hours. Tuntun ò gbọdọ̀ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Bó bá kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, dá a padà fún un, kó o sì kí i pé ó dàbọ̀.